Lẹ́tà sí Olóòtú: Pátákó "Ó Ń Bọ̀ Lọ́nà" Kì í Ṣe Ẹ̀tàn Bí Ẹni Tó Gbé E Kọ́ Bá Mọ Ohun Tó Ń Wá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àforítì, nítorí iṣẹ́ kékeré kọ́ ní àsìkò tí owó bébà ń gòkè lójoojúmọ́. Nínú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òǹkàwé kan láti Minna kọ lẹ́tà nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní bí èèyàn bá ṣí ìkànnì wọn, kò ní í bá nǹkan kan níbẹ̀ ju àwòrán tó dára, àkọlé gàdàgbà tó ní "Ó Ń Bọ̀ Láìpẹ́", àti àpótí kékeré tí a ó kọ nọ́ńbà fóònù wa sí. Ó ní ẹ̀tàn gbáà ni, àti pé ẹni tí kò ní ọjà nínú ìsọ̀ kò gbọdọ̀ gbé pátákó kọ́ sójú títì. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé bàbá náà (mo gbà pé bàbá ni, nítorí bí òwe ṣe ń yọ lẹ́nu rẹ̀) ní ẹjọ́ tó tọ́ láti rò, ṣùgbọ́n ó ti pa aláre àti ẹlẹ́bi pọ̀ sínú àpò kan náà. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi kọ̀wé sí yín.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ṣíṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. Kubwa níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kí n tó di ẹni tó ń gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn, èmi náà ti kọ́lé láìwo ilẹ̀ rí. Ní ọdún 2019, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan da owó pọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áàpù kan tí àwọn ará Abùjá yóò fi máa wá télọ̀ tó wà nítòsí wọn. Gbogbo wa la mọ ìlérí télọ̀: wọ́n á ní kí ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì á di ọjọ́ Ajé, aṣọ ìkómọ á sì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọmọ jáde tán. A gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé ibì kan wà tí òun ti lè rí télọ̀ tó ń mú àdéhùn ṣẹ, eré ló máa sá wá. Oṣù 14 la fi ṣe é. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé wọ́n á jí ọgbọ́n wa gbé. Nígbà tí a wá ṣí i, ẹni 31 ló wọlé síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ẹbí wa. Ohun tí a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwa méjèèjì: ẹni tó ti ní télọ̀ kì í wá òmíràn. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa bá ti ara rẹ̀ jà, torí ìwọ̀n ara rẹ̀ wà nínú ìwé onítọ̀hún, onítọ̀hún sì mọ bí òun ṣe ń fẹ́ kí ọrùn bùbá rí. Owó tí a ná sórí áàpù náà ì bá ra mọ́tò. Ẹ má bi mí irú mọ́tò wo.

Ká ní a ti gbé ojúewé kan ṣoṣo síta ní oṣù àkọ́kọ́, tí a fi gbólóhùn méjì sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, tí a sì ní kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ fi nọ́ńbà sílẹ̀, à bá ti mọ̀ kí oṣù náà tó parí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè wá. Ohun tí ojúewé "Ó Ń Bọ̀ Lọ́nà" wà fún gan-an nìyẹn. Òun ni a fi ń bi ọjà léèrè ọ̀rọ̀ kí owó tó jáde lápò. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa sọ ọmọ lórúkọ, a dáná ìkómọ, a pe àlejò, a kò tíì wo inú ilé rárá.

Òǹkàwé yín ní ẹni tí kò tíì ní ọjà kò gbọdọ̀ pe oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń pe oníbàárà ṣáájú ọjà. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó kì í dédé lọ kó àǹkárá 300 ní ọjà Wuse kó wá máa wá ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Àwòrán aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí orúkọ kíkọ máa parí. Ẹni tó bá wù á kọ orúkọ. Bí orúkọ bá pé 40, 40 ni a ó rà. Bí kò bá ju márùn-ún lọ, ìyá olóde á fọgbọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gèlè àti fìlà. N kò rí ẹni tó pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní oníjìbìtì rí, àfi ìgbà tó bá gba owó tí aṣọ kò dé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì máa padà dé ibẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ tí ayé mọ̀ lónìí kò fojú kékeré wo ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Dropbox, tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tíì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé nígbà tí Drew Houston, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé fídíò kúkúrú kan síta ní 2008 láti fi hàn bí nǹkan náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti kọ orúkọ sílẹ̀ láti máa retí rẹ̀ jẹ́ 5,000. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti di 75,000. Ṣùgbọ́n Houston mọ kọ̀ǹpútà lámọ̀dunjú, fídíò rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yé. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ni ti Buffer, nítorí pé ó jọ ti ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ní 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Joel Gascoigne rò ó pé òun lè ṣe ohun tí èèyàn yóò fi máa to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbé sórí Twitter sílẹ̀ de àkókò tó bá wù ú. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan. Ojúewé méjì ló gbé síta. Èkíní sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà yóò máa ṣe, ó sì ní bọ́tìnì kan tí èèyàn máa tẹ̀ bó bá fẹ́ mọ iye owó rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bọ́ sórí èkejì, tó jẹ́wọ́ fún un pé iṣẹ́ kò tíì parí, kó fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè pè é. Àwọn kan fi ímeèlì sílẹ̀. Ó wá ki ojúewé kẹta bọ àárín méjèèjì, tó ní ipele ọ̀fẹ́ àti ipele olówó, kó lè mọ̀ bóyá àwọn tó ní àwọn fẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ bọ àpò. Ìgbà tó rí i pé àwọn kan ń tẹ ipele olówó ló tó jókòó ti iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 7 ló gbà á láti inú èrò dé ọwọ́ oníbàárà tó ń sanwó. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún yẹn ló ṣí i, ọ̀sẹ̀ kan kò sì tíì pé tí ẹni àkọ́kọ́ fi sanwó.

Ọ̀sẹ̀ 7, Olóòtú. Ẹ fi wé oṣù 14 tèmi.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ojúewé kẹta yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń ṣìnà. Wọ́n á gba orúkọ 1,000, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, wọ́n á fi han olówó tí wọ́n fẹ́ kó bá wọn dókòwò. Orúkọ kì í ṣe owó. Ní 2013, àwọn tó ń ṣe Robinhood, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ra ìpín ìdókòwò, ṣe ojúewé kan tí ẹni tó bá kọ orúkọ yóò ti rí iye èèyàn tó wà níwájú òun lórí ìlà. Bó bá pe ọ̀rẹ́ wá, yóò sún síwájú. Àwọn tó ń dúró sún mọ́ mílíọ̀nù kan kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n fẹ́ fún èèyàn jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń gba owó lé lórí, àwọn kò sì fẹ́ gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀dọ́ kan ní Gwarinpa tó da ọgbọ́n ìlà náà kọ fún iléeṣẹ́ ìfọṣọ. Ta ni yóò tò sórí ìlà nítorí ìfọṣọ? Àwọn ọ̀rẹ́ ń fa ọ̀rẹ́ wọlé nítorí eré. Nígbà tí ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé aṣọ wá. Ohun tó ní kí èèyàn ṣe láti kọ orúkọ ni yóò sọ irú èèyàn tí yóò kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìbejì. Ó ń ta oúnjẹ ilé ní Kubwa: ẹ̀lùbọ́, irú, ẹ̀gúsí, gàrí Ìjẹ̀bú, pánla. Ní 2023, ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi fóònù ra ọjà lọ́wọ́ òun káàkiri Abùjá, kí òun sì máa gbé e lọ bá wọn nílé. Ó ti tọ́jú owó áàpù sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá owó náà padà sí báńkì ná. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn àpò ẹ̀lùbọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀, mo ṣe ojúewé kan fún un. Ohun tí a kọ sí i kò ju èyí lọ: "Oúnjẹ ilé yóò máa dé ẹnu ọ̀nà yín ní Abùjá láti oṣù kẹsàn-án. Ẹ kọ nọ́ńbà WhatsApp yín, ẹ kọ àdúgbò yín, kí ẹ sì sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń wá tí ẹ kì í rí rà níbí." Èmi fẹ́ fi àwòrán àwo àmàlà ńlá kan sí i, òun ló ní rárá, pé kí n fi àwòrán ìsọ̀ òun sí i bó ṣe rí, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun wà láyé àti pé òun ní ibi tí wọ́n ti lè bá òun jà bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Òun ló gbọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn.

A fi ìlíǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti ìjọ àti ti àsàlátù, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kékeré tí ó ń fi sínú láílọ́ọ̀nù gbogbo ẹni tó bá ra ọjà. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹni 214 kọ orúkọ. Ohun tí wọ́n kọ ya wá lẹ́nu. A ti gbé gbogbo ìṣirò wa ka Maitama àti Asokoro, nítorí pé ibẹ̀ ni a gbà pé owó wà. Kò tó ogún ẹni tó wá láti ibẹ̀. Mararaba, Nyanya, Karu àti Lugbe ló pọ̀ jù, Mararaba sì rèé, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, a kò tilẹ̀ fi sí ìṣirò rárá. Ìyá Ìbejì pe obìnrin kan ní Mararaba láti bi í léèrè. Mo wà níbẹ̀, ó gbé ohùn fóònù síta kí n lè gbọ́. Obìnrin náà ní aago márùn-ún ìdájí ni òun ń kúrò nílé nítorí gosìló Nyanya, bí òun bá sì fi máa padà dé, àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀lùbọ́ tiyín ńkọ́, ṣé èyí tó máa ń dúdú dáadáa ni? Torí èyí tí mo rà níjelòó, bí sìmẹ́ńtì ni." Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé.

Ìbéèrè nípa ohun tí wọn kì í rí rà ló gba owó áàpù náà sílẹ̀ fún wa. A ti rò pé ẹ̀lùbọ́ ni gbogbo èèyàn ń wá. Ẹ̀lùbọ́ kò ṣọ̀wọ́n ní Abùjá. Ewé eéran ni wọ́n ń béèrè, torí ó ti sú wọn láti máa se mọ́ínmọ́ín nínú agolo àti láílọ́ọ̀nù. Wọ́n ń béèrè irú pẹ̀tẹ̀, ọ̀rúnlá, ẹ̀kọ tútù. (Ẹnì kan béèrè ẹ̀wà olóyin. A kò mọ ohun tí a ó sọ fún un, torí àríwá níbí ni ẹ̀wà ti ń lọ sí Èkó.) Bí a bá ti ná owó náà kí a tó béèrè, à bá ti kó ẹ̀lùbọ́ àpò 40 sílẹ̀, à bá sì ti gba ọlọ́kọ̀ tí yóò máa lọ sí Maitama. N kò ní í bò ó fún yín: nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹni 58 péré nínú àwọn 214 ló ra nǹkan ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n a ti fi ọkàn sí i pé kò ní í ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ, iye ewé tí a kó wálé sì bá a mu, nítorí ewé eéran kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un ní ṣókí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Kó ra orúkọ ìkànnì rẹ̀ kó tó sọ ọ́ lójú agbo. Àjọ NiRA ló ń bójú tó àwọn orúkọ tó parí sí .ng, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wá ni wọ́n ń fún. Lóòótọ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn láti fi rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kóòtù wọ́n ju orúkọ ìkànnì lọ fíìfíì. Kí ojúewé náà má wúwo. Fídíò ńlá tó ń dá ṣeré fúnra rẹ̀ á jẹ dátà ẹni tó ń fi fóònù kékeré wo ó nínú ọkọ̀ Nyanya, á sì ti jáde kí àkọlé tó yọ. Kó kọ ọ́ ní èdè tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sọ. Àwa fi Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì kún Yorùbá, torí a kò lè gbé àríwá kí a máa ṣe bí ẹni pé Òṣogbo la wà. Kó sì gbé e síta ní kùtùkùtù, nítorí Google kì í tètè mọ ìkànnì tuntun. Èyí tó ti wà níta fún oṣù mélòó kan, èèyàn á lè rí i bó bá wá orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣílé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ti fara mọ́ òǹkàwé láti Minna. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ gbé ojúewé síta pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé láti Kubwa àti Dutse Alhaji. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí èmi ni mo ń gbé àwọn ọmọ mi lọ láràárọ̀. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà mi, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ orí wọn, kíláàsì wọn, orúkọ ilé ìwé wọn àti àdírẹ́sì ilé wa. Mo kọ gbogbo rẹ̀, èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Lókè ojúewé náà ni aago kan wà tó ń ka ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi sọ aago náà di eré. Ní alẹ́ ọjọ́ tó máa pé, wọ́n kọ̀, wọn kò sùn. Wọ́n ti mú iná lọ. Ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àga. Wọ́n bá aago náà kà á: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ di òdo. Àkọ́bí mi pàtẹ́wọ́. Ojúewé náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, aago náà sì padà sí ọjọ́ 30. Èyí tó kéré jù wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ṣé ọkọ̀ náà ti gbé àwọn ọmọ yòókù lọ ni?"

Ọkọ̀ kò dé títí dòní. Ohun tó dé, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ni ìpè ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń polówó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ. Ó dárúkọ ọmọ mi àárín, ó sì sọ kíláàsì tó wà. Mo bi í níbi tó ti gbọ́ ọ. Ó pa fóònù.

Nítorí náà, bí òǹkàwé yín bá sọ pé ẹ̀tàn ni, mo mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a fi ìka tọ́ ibi tí ẹ̀tàn náà wà. Kò sí nínú pé ọkọ̀ kò tíì sí nígbà tí wọ́n gbé ojúewé síta. Aago tí kò so mọ́ iṣẹ́ kankan jẹ́ irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ̀ pé bó bá dé òdo, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà kò wúlò fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tí yóò rà; àdúgbò àti iye ọmọ ti tó. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e burú ju méjèèjì lọ. Ìyá Ìbejì náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá. Oṣù kẹsàn-án la kọ, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá la tó ṣe tán, nítorí pé ẹni tó ń kó ewé fún wa láti Ìbàdàn já wa kulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn 214, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n. Ẹni méjì ní kó yọ orúkọ àwọn kúrò, ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó kù ní ẹ kú ìdààmú.

Òfin pàápàá kò dákẹ́ lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ojúewé wọ̀nyí kò kà á. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin náà ló sì dá àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dátà sílẹ̀, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abùjá níbí. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó bá gba nọ́ńbà rẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá àsìkò tó nílò rẹ̀. Pé o dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé o gbà. Ìyọ̀ǹda tí o fún un lánàá, o lè gbà á padà lónìí. Bí dátà náà bá já bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni ó ní láti fi tó àjọ náà létí. Kò sí ibi tí òfin náà ti yọ iléeṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí ènìyàn àkọ́kọ́ bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú àpótí yẹn, iléeṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lójú òfin, bí ọjà kankan kò tilẹ̀ tíì sí nínú ìsọ̀.

Mo ti wá ń ní kí gbogbo ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá fún mi kọ oṣù tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sórí ojúewé náà, láìfi aago sí i; kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí a lè pè àti nọ́ńbà rẹ̀; kí wọ́n má gba owó ṣáájú bí kò bá ṣe pé wọ́n ti kọ ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà bí ọ̀rọ̀ kò bá bọ́ sí i. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí yóò ṣe aago fún wọn. N kò dá wọn dúró.

Ìyá Ìbejì ní kí n bá òun kí òǹkàwé láti Minna. Ó ní ẹni mẹ́ta láti Minna wà lára àwọn tó kọ orúkọ nígbà náà, a kò sì tíì rí ọ̀nà gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé, wọ́n sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti bi wọ́n bóyá kí òun pa á rẹ́. Wọn ò tíì ní kó pa á rẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Abùjá.